Ẹ̀jẹ́ Ìyálé Mi Lórí Òkè Ẹ̀yìn Ìpogun

Ìyálé mi ló ni ọ̀rọ̀ yìí, èmi kàn ń bá a sọ ọ́ ni. Ká ní ó ṣì wà láyé, òun ni ì bá jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, èmi ì bá sì máa ti ẹ̀gbẹ́ dá sí i, títí yóò fi sọ pé, "Ìyàwó, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán ná."

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára wa, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti dá dúró, Àkúrẹ́ sì ti ń fẹ̀ lọ sí gbogbo ọ̀nà. Ọkọ wa ti kú. Àwa méjèèjì ló kù nínú ilé tó kọ́ sí Arakale ní Àkúrẹ́, yàrá tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tèmi lọ́wọ́ òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Bí òun bá wúkọ́, èmi a ké sí i láti ìhín pé "pẹ̀lẹ́ o." Bí èmi bá ń kérora láàárọ̀ nítorí orúnkún mi, òun náà a ní, "Orúnkún Oǹdó ti jí." Ọmọ ìlú Oǹdó ni mí, ó sì gbà pé gbogbo ohun tó bá ń yọ mí lẹ́nu, láti Oǹdó ni mo ti dì í lẹ́rù wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé yẹn, bí mo bá la ẹnu, ẹ̀rín ni fún wọn. Èmi náà a máa rín tiwọn sínú, àwọn tó ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu.

Ọkùnrin ni àkọ́bí mi. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Alágbàká, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá kí wa. Yàrá ìyálé mi ló máa kọ́kọ́ yà sí, lẹ́yìn náà ni yóò kọjá wá sọ́dọ̀ mi. "Màmá" ló ń pe ìyálé mi. Èmi, "Màmá kékeré." Nígbà tó ṣì kéré gan-an, "Ìyàwó" ló ń pè mí, nítorí ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyálé mi nìyẹn. Mo bí i, mo fún un lọ́mú, ó ń pè mí ní Ìyàwó. Àwọn ará ilé a sì máa fi í ṣe ẹ̀rín jẹ.

Ẹni tí kò gbé ilé olórogún rí lè rò pé ìyà ni wọ́n fi jẹ mí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyálé mi kò rí ọmọ bí. Bí mo ti já ọmọ yẹn lẹ́nu ọmú báyìí, ọkọ wa gbé e lé ìyálé mi lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn nígbà náà, àkọ́bí ìyàwó a lọ máa sùn ní yàrá ìyálé. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pọ̀n ọ́n, òun ló fà á lọ́wọ́ lọ síléèwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun náà ló sì nà án nígbà tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn ọmọ mi yòókù, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà, ọwọ́ mi sì kún fún wọn. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, bí mo bá gbọ́ tí òun àti ìyálé mi ń rẹ́rìn-ín lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń dáwọ́ ohun tí mo ń ṣe dúró kí n lè gbọ́ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Sátidé kan, ọmọ wa jókòó tì wá níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń sọ fún wa bí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti ará Ìkàrẹ́, ṣe lọ ṣe fàájì lórí òkè kan lẹ́yìn Ìpogun. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìlú tó wà nídìí òkè náà ló ń mú àlejò gùn ún, pé wọ́n á sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì ti sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ọwọ́ ìyálé mi dúró nínú ẹ̀wà.

"Òkè wo?"

"Èyí tí omi wà lórí rẹ̀, Màmá. Omi inú àpáta, tí wọ́n ní kì í gbẹ."

"Ẹnikẹ́ni ló ń lọ síbẹ̀ báyìí?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já."

"Tíkẹ́ẹ̀tì," ni ìyálé mi wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Wàá mú wa lọ."

Ọmọ wa rẹ́rìn-ín. "Màmá, òkè ni o. Kì í ṣe àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Mo ti gùn ún rí kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ẹ rántí pé wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o. Ẹ ò ní lọ máa bọ òkúta níṣojú mi?"

"Ta ló ní òun fẹ́ bọ nǹkan? Ibi tí mo ti bẹ̀bẹ̀ rí ni mo fẹ́ lọ kí. Àbí Áńgílíkà ò ń kí ènìyàn mọ́ ni?"

Ó wò mí. Èmi ń wo ẹ̀wà.

Nígbà tí ọmọ wa ti lọ, ó pè mí wá sí yàrá rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n mú un gun òkè kan rí nígbà tó ń wá ọmọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó sọ níbẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ, kí wọ́n tó fẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti Àkúrẹ́. Obìnrin tó bá ń wá ọmọ yóò kúnlẹ̀ létí omi yẹn, yóò tọrọ, yóò sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ bá dé, òun á mú un padà wá kí òkè rí i. Bó bá sì ń bọ̀, yóò mú ọ̀já tó fi pọ̀n ọmọ náà dání, yóò rì í bọ inú omi. Nígbà náà ni ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ yóò bèèrè pé, "Ọmọ ta ni?" Ìyá ọmọ kì í dáhùn. Ẹni tó bá a gòkè ló ń dáhùn fún un.

"Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn," ni ìyálé mi wí. "Mo délé, mo ń retí. N kò lóyún. Wọ́n fẹ́ ọ. Ìyá mi kú. N kò padà síbẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ẹ̀jẹ́ yẹn ò mú yín nígbà náà. Ẹ̀bẹ̀ tí kò gbà, kò lẹ́jọ́."

"Bí mo ti ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti ń rò ó. Bóyá wọ́n fún mi, bóyá wọn ò fún mi. Bí wọ́n bá fún mi tí n kò lọ dúpẹ́, aláìmoore ni mí. Bí wọn ò bá fún mi, tí mo wá mú un lọ síbẹ̀, òpùrọ́ ni mí. Mo ti wà láàárín méjèèjì tipẹ́. N kò sì fẹ́ kú síbẹ̀."

Mo jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi ò sí mọ́. Ìwọ lo máa bá mi gòkè."

Kò bẹ̀ mí, kò kọ́ mi ní ohun tí n ó wí. Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bèèrè bóyá ẹ̀wà ti ń hó. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó gbé lé mi lọ́wọ́. Wọn ó bi mí pé ọmọ ta ni. Èmi ni mo rọbí rẹ̀. Ilé ìyá mi ní Oǹdó ni mo ti bí i, láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ ni mo fi rọbí, tí ìyá mi ń lọ tó ń bọ̀ lójú ilẹ̀kùn. Irú ìyẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń la ẹnu lásán sọ dànù. Bí mo bá sì ní ọmọ mi ni, kí ni ìyálé mi wá gun òkè wá ṣe? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń rò ó. Bí mo bá ń ro ọkà, ọ̀rọ̀ yẹn ni. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yẹn ni.

Nígbà tó di Sátidé kejì, ọmọ wa gbé mọ́tò wá. Ìyálé mi ti múra kí àkùkọ tó kọ, ìró àti bùbá aláró, gèlè rẹ̀ fún pinpin bí ẹni ń lọ ìsìn ìkórè. Ó gbé báàgì kékeré kan lé itan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Èmi se mọ́ínmọ́ín, mo kó o pẹ̀lú ẹ̀kọ sínú kúlà, nítorí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gun òkè pẹ̀lú ebi.

A gba Ìlárá-Mọ̀kín kọjá. Ọmọ wa ń fi ilé tuntun hàn wá, ó ń sọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí a dé Ìpogun, kòkó wà lórí ẹní lẹ́bàá títì, wọ́n ń sá a, òórùn rẹ̀ sì wọ inú mọ́tò. Ìyálé mi kò sọ̀rọ̀ kankan lójú ọ̀nà àfi ẹ̀ẹ̀kan, tó ní, "A máa fi ẹsẹ̀ rin ibi yìí ni. Ìyá mi a máa kọrin."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń dúró dè wá nídìí òkè. Ó wọ ẹ̀wù pupa kan tí kò lápá lé ṣẹ́ẹ̀tì, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ bí ti rẹfirí. Obìnrin ọ́fíìsì mélòó kan láti Òkìtìpupa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa. Èmi ni n ó ṣe amọ̀nà yín lónìí. Òfin òkè wa kò pọ̀. Bí a bá dé ìdí igi àfọ̀n tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, a ó bọ́ bàtà. A kì í súfèé lókè. A kì í sì í na ìka sí omi."

Obìnrin Òkìtìpupa kan bèèrè pé kí ló dé tí wọ́n á bọ́ bàtà, ṣé ẹ̀gún ò sí lọ́nà ni.

"Àpáta ni, mà, ó mọ́ tónítóní. Ará Jàpáàn kan wá síbí rí. N kò tíì sọ òfin kankan fún un tó ti bọ́ bàtà rẹ̀, tó sì tẹrí ba níwájú igi. Ó ní nílùú àwọn náà, irú òkè báyìí wà, tí omi wà níbẹ̀, tí wọ́n á wẹwọ́ kí wọ́n tó gòkè lọ kí ẹni tó wà níbẹ̀."

Ìyálé mi ní, "Ọmọ ni òun náà wá tọrọ?"

"Rárá, mà. Fọ́tò ló yà."

"Ó rin ìrìn jìnnà nítorí fọ́tò," ni ìyálé mi wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, amọ̀nà wa náà rẹ́rìn-ín, ohùn ìròyìn sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀.

A bọ́ bàtà nídìí igi àfọ̀n, amọ̀nà wa sì bá mi gbé kúlà. Ojú ọ̀nà tutù lábẹ́ igi, ewé jíjẹrà ló tẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí àpáta. Ìyálé mi ló ṣíwájú, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n kò dúró. Ọmọ wa ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbá ẹyin mú.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín."

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́, ìwọ kọ́ lo máa pọ̀n mí. Lọ wo ìyàwó lẹ́yìn, òun ni orúnkún ń dùn."

Òtítọ́ ló sọ. Orúnkún mi ti ń ké. A dé ibì kan tí àpáta ti yọ jáde bí òrùlé, wọ́n ti kan bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀. Amọ̀nà wa wò mí, ó rí i bí mo ti ń mí.

"Ìyá, ibí ni àwọn àgbà ti máa ń sinmi. Ẹ jókòó síbí, afẹ́fẹ́ wà. Tí a bá ń bọ̀, a ó mú yín. Ohun tó wà lókè ò ju ohun tí mo ti sọ fún yín lọ."

Ọmọ wa ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá kékeré. Ẹ sinmi. Màá ya fọ́tò wá fún yín."

Mo jókòó. Bẹ́ǹṣì yẹn dára. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi lára, mo sì rí bí ọ̀rọ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe fẹ́ kúrò lọ́rùn mi. Bí n kò bá dé òkè, ta ni yóò bi mí ní nǹkan? Orúnkún ni, kò sí ẹni tó máa dá mi lẹ́bi.

Ìyálé mi ti dúró níwájú. Kò pè mí. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń wo ọ̀nà tó kù, ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Mo rí báàgì kékeré yẹn ní apá rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó síbẹ̀, yóò ṣì gòkè, yóò wo omi, yóò sì sọ̀kalẹ̀ láì ṣí báàgì. Kò sì ní bá mi sọ ọ́ títí ayé.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ méjèèjì, ẹ gbé ọwọ́ yín wá, ẹ fà mí dìde."

Amọ̀nà ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lágídí o."

Ìyálé mi dáhùn láìyíjú padà. "Ará Oǹdó ni."

A dé òkè. Ibẹ̀ tẹ́jú, ó fẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Omi yẹn wà nínú ihò àpáta, kò tóbi ju agbada tí wọ́n fi ń dín gààrí lọ, ó mọ́, èèyàn ń rí ojú ọ̀run nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àtíbàbà onípáànù kan wà, obìnrin arúgbó kan sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ó dàgbà ju àwa méjèèjì lọ. Kò gbójú sókè nígbà tí amọ̀nà ń ṣàlàyé.

"Ní ayé àtijọ́," ni amọ̀nà wí, "ibí ni àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ti máa ń tọrọ. Ìyá wa yìí ló ń tọ́jú ibẹ̀, ìyá wọn ló sì ń tọ́jú rẹ̀ kí ó tó kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ kò wá mọ́ báyìí."

Àwọn obìnrin Òkìtìpupa ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló kó wọn lọ sí ìhà kejì, níbi tí wọ́n ní èèyàn ti ń rí òrùlé Ìlárá. Ó ku àwa mẹ́ta àti arúgbó ẹlẹ́gùúsí.

Ìyálé mi ṣí báàgì rẹ̀. Ó fa ọ̀já jáde, ọ̀já aláró tí aró rẹ̀ ti ṣí, tí wọ́n fi òwú dúdú rán etí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo rò pé èkúté ti jẹ ẹ́ tipẹ́. Ó kúnlẹ̀ létí omi, ó rì í bọ inú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi mu omi yó.

Ọmọ wa ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

Mo fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Dákẹ́."

Arúgbó yẹn gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọn ọwọ́, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó wá. Kò wo ìyálé mi. Èmi ló dojú kọ.

"Ìwọ lo bá a wá?"

"Èmi ni, mà."

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọmọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó dúró lẹ́yìn mi. "Ọmọ ta ni?"

Gbogbo ohun tí mo ti rò láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo rí ni ìyálé mi nígbà kan, tó ń lọ sí ìdí ẹ̀rọ ata, igbá ata lórí, ọmọ yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn dé agbedeméjì itan ẹni tó pọ̀n ọ́n, ọ̀já yìí gan-an ló sì gbá a mú. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé, "Sọ bàbá yìí kalẹ̀ kó máa rìn." Òun ò sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ náà ò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ ìyálé mi ni."

Arúgbó wo ojú ọmọ wa, ó padà wo tèmi. Ẹni tó bá rí wa kì í bèèrè kó tó mọ̀. Iwájú orí wa dọ́gba, àlàfo eyín wa dọ́gba.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ń rí lójú rẹ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni mo bá wọn gbé e wọlé."

Èjìká arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Oríṣiríṣi ọ̀nà ni mo ti rí tí ọmọ ń gbà dé. Ìyẹn náà dára." Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi sí ọwọ́ ìyálé mi, ó ní kó fi bọ́jú. Ó ní kí ọmọ wa tẹrí ba. Wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì tẹrí ba. Ó fi omi kàn án ní àtàrí, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ wa sì dáhùn pé "Àmín" kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyálé mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ṣé wọ́n gbà á?"

"Kí ló kù láti gbà? Ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n, ta ni yóò dá a padà?" ni arúgbó wí. "O kàn pẹ́ kó o tó wá ni."

"N kò mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti wá."

"O ti wá."

Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìyálé mi lápá. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde, àpáta yìí ti gbóná." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa, àní títí di òní kò bèèrè. Ó gba ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún omi ara rẹ̀ jáde, ó ń kán sí i lẹ́sẹ̀, ó ká a bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ tuntun.

Mo ṣí kúlà. Àwa àti arúgbó jọ jẹ mọ́ínmọ́ín lábẹ́ àtíbàbà. Ó bi mí bóyá mo fi ẹja sí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní òun rò bẹ́ẹ̀, pé òun ti gbọ́ Oǹdó lẹ́nu mi, ará Oǹdó sì mọ oúnjẹ ẹ́ sè. Ìyálé mi ní ta ló sọ fún un. Wọ́n jọ bó ẹ̀gúsí tó kù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá arúgbó náà, ẹni tó gba ìyálé mi lálejò nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí amọ̀nà padà dé, ó bá wa níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ gbádùn ìrìn àjò wa?"

"A gbádùn rẹ̀," ni ìyálé mi wí. "O ti níyàwó?"

"N kò tíì ní, mà."

"Pẹ̀lú fèrè lọ́rùn báyìí? Bọ́ ọ kúrò kí àwọn obìnrin lè rí ọ."

Sísọ̀kalẹ̀ ló wá le fún mi. Orúnkún tó gbé mi gòkè kọ̀, kò gbé mi mọ́. Mo di igi mú, mo di àpáta mú. Ọmọ wa lóṣòó síwájú mi.

"Màmá kékeré, ẹ gùn mí."

"Èmi? Níṣojú àwọn ará Òkìtìpupa?"

"Kò sí ẹni tó ń wò yín. Ẹ gùn mí."

Mo gùn ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó gbóná, òógùn wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. N kò rántí ìgbà tí mo ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ gbá ọrùn rẹ̀ mú, mo sì rí irun tó ti ń re lórí rẹ̀, èyí tí kò sọ fún wa. Ìyálé mi ń rìn níwájú, ó ń fi ọ̀pá ti òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lọ́nà fún wa.

"Gbé e dáadáa," ni ó wí. "Bó o bá jù ú sílẹ̀, gbogbo Oǹdó ló máa wá bá wa jà."

A délé kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ wa gbé wa sílẹ̀, ó kí Màmá, ó kí Màmá kékeré, ó ní òun ní láti lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ. Ìyálé mi ní kó fi epo pa orí rẹ̀ kó tó lọ, kí wọ́n má baà rí omi níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín lọ.

Mo gbé omi gbígbóná wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fi aṣọ jó orúnkún mi. Ìyálé mi jókòó síta lórí àga rẹ̀, ó fẹ́ gba afẹ́fẹ́. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lójúde wa ń kọjá, ó rí gèlè tó ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Ibo lẹ ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìmúra báyìí?"

"Ọmọ mi ló gbé wa jáde," ni ìyálé mi wí.

Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yẹn, "ọmọ wa" ló máa ń wí bí mo bá wà nítòsí, bí n kò bá sí nítòsí, n kò mọ ohun tó ń wí. Ó mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ bí mo ti ń fún aṣọ sínú omi.

Obìnrin náà ní, "Ọmọ dáa. Ọlọ́run á dá a sí fún yín."

"Àmín," ni ìyálé mi wí.

Èmi náà ṣe àmín nínú ilé, mo sì tún ri aṣọ bọ inú omi gbígbóná, nítorí orúnkún kejì ṣì kù.